Síńkì Inú Tíì Tíṣà

Kò sẹ́ni tó bá Bàbá Aláago sọ̀rọ̀ parí rí. Ẹ gbé aago tó ti kú lọ bá a, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé bó ṣe kú. Ẹ ò tíì ní dé ìdajì tí á fi gba aago náà lọ́wọ́ yín, á ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, á ki awò kékeré rẹ̀ bọ ojú kan, á ní, "Ẹ dákẹ́ ná, ẹ jẹ́ kí aago fúnra rẹ̀ sọ tẹnu rẹ̀." Oníbàárà kì í parí ọ̀rọ̀ níwájú rẹ̀. Àna rẹ̀ kì í parí ọ̀rọ̀. Ìyàwó rẹ̀ nìkan ló máa ń parí tirẹ̀, nítorí pé tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni, ohùn tó fi ń pa gbogbo kíláàsì lẹ́nu mọ́ láyé ọjọ́un ṣì wà lọ́rùn rẹ̀ digbí. Tíṣà náà ni gbogbo ènìyàn ń pè é, títí kan ọkọ rẹ̀.

Ká má parọ́ mọ́ bàbá náà, ó mọṣẹ́. Aago tó bá tún ṣe, á fi ṣóńṣó irin fa àmì tirẹ̀ sínú rẹ̀, níbi tí ojú olówó aago ò ní dé: ìlà méjì tó gba orí ara wọn kọjá, pẹ̀lú àmì róbótó kékeré kan lábẹ́ wọn. Ó ní bí aago náà bá tún padà wá lọ́jọ́ iwájú, òun á mọ̀ pé ọwọ́ òun ti débẹ̀ rí. Ó tún ní ọ̀rọ̀ kan tó máa ń sọ, tí gbogbo àdúgbò ti mọ̀ lórí: "Epo àpọ̀jù ló ń pa aago, kì í ṣe àìsí epo." Orí abẹ́rẹ́ ló fi ń kán epo sí aago, ẹ̀kán kan péré. Ó ní bó bá ti ju bẹ́ẹ̀ lọ, epo á máa kó eruku jọ, á di bí oje igi, gbogbo àgbá kẹ̀kẹ́ kéékèèké inú aago á sì lẹ̀ mọ́ra wọn. Ẹ fi ọ̀rọ̀ epo yìí sọ́kàn, torí pé ẹni tó ń sọ ọ́ ò fi í sọ́kàn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Bàbá Aláago ṣí fìríìjì láti bu omi mu, ló bá bá áyọ́ọ̀nù níbẹ̀. Áyọ́ọ̀nù tí wọ́n fi ń lọ aṣọ! Ó jókòó jẹ́ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́tà, wáyà rẹ̀ ká mọ́ ọn lọ́rùn.

"Tíṣà!" ó pariwo. "Ta ló gbé áyọ́ọ̀nù sínú fìríìjì? Ṣé aṣọ yìnyín lo fẹ́ lọ ni?"

Tíṣà yọ sí i láti yàrá. Ó wo áyọ́ọ̀nù, ó wo ọkọ rẹ̀.

"Ó ní láti jẹ́ èmi ni," ó ní. "Ọjọ́ orí ni, Bàbá. Ẹ má bínú."

Bàbá Aláago rẹ́rìn-ín débi pé omi ta á lórí. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, ó bá kọ́kọ́rọ́ ilé nínú ìkòkò òdòdó. Ó tún bá ìkòkò ọbẹ̀ tó ń jóná lórí sítóòfù. Ó tún bá omi ẹ̀rọ tó ṣí sílẹ̀ tó ń ṣàn lọ bí odò. Gbogbo ìgbà tó bá sì figbe ta, ohun kan náà ni Tíṣà ń wí: "Èmi náà ni." Ẹ̀rín ti tán lẹ́nu bàbá nígbà náà. Tíṣà tí kò gbàgbé orúkọ ọmọ kan rí nínú gbogbo ọmọ tó kọ́! Tíṣà tó lè dá ọkùnrin onírùngbọ̀n dúró ní gbangba òpópónà, kó ní, "Ìwọ, ìwọ lo jẹ ṣọ́ọ̀kì mi ní kíláàsì kejì."

Ẹ̀rù bà á. Kò ní sọ fẹ́nì kan, ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà á dé egungun. Àwọn ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ ṣèwe ti lọ tán, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti lọ. Tíṣà nìkan ló kù tó mọ̀ ọ́n nígbà tó ṣì ní irun lórí, nígbà tó ń gun kẹ̀kẹ́ láìfọwọ́ mú un láti fi ṣe fáàrí fún un, tó sì já sínú kòtò. Bí Tíṣà bá gbàgbé, ta ló kù láyé yìí tó máa jẹ́rìí pé òun pàápàá ti jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin rí? Ohun tó ń dún lọ́kàn rẹ̀ nìyẹn bó ti jókòó láàárín àwọn aago rẹ̀.

Ló bá gbé fóònù, ó pe ọmọ wọn obìnrin. Dókítà ni ọmọ náà, àmọ́ kì í ṣe irú dókítà tó ń gún ènìyàn lábẹ́rẹ́. Iṣẹ́ ìwádìí nípa ọpọlọ ló ń ṣe, eku ló sì fi ń ṣe é. Ìdí nìyẹn tí bàbá rẹ̀ fi ń pè é ní Dókítà Eku.

"Dókítà Eku, kí ni wọ́n ń lò sí ìgbàgbé?"

"Ta ló ń gbàgbé, Bàámi?"

"Ṣé ẹjọ́ lo fẹ́ dá ni? Dá mi lóhùn."

Ọmọ náà mí kanlẹ̀. "Ọ̀nà pọ̀, Bàámi. Ní tiwa níbí, síńkì là ń yẹ̀ wò, irú irin kan tó máa ń wà nínú oúnjẹ ní bíńtín. Síńkì díẹ̀ wà nínú ọpọlọ olúkúlùkù wa. Níbi tí sẹ́ẹ̀lì kan ti ń fi ọ̀rọ̀ lé èkejì lọ́wọ́, síńkì máa ń jáde síbẹ̀ ní bíńtín, ó wà lára ohun tó ń jẹ́ kí ọ̀nà àárín wọn yí padà kó sì le sí i, kéèyàn lè kọ́ nǹkan tuntun kó sì rántí rẹ̀. Àwọn eku mi tí kò rí síńkì tó nínú oúnjẹ, wọn ò tètè rántí ọ̀nà ibi tí oúnjẹ wà mọ́. Ṣùgbọ́n..."

"Ó tó, mo ti gbọ́. O ṣeun." Ó pa fóònù.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bi í. Láyé tí a wà yìí, ibo ni ọ̀rọ̀ gidi máa ń wà, bí kò bá ṣe lẹ́yìn "ṣùgbọ́n"?

Kí ọmọ náà tó tún fóònù pè, bàbá ti dé ilé ìtajà òògùn, ó ti ra síńkì oníhóró bí ẹni ń ra ẹ̀pà. Ó kó o wá sórí tábìlì iṣẹ́ rẹ̀, ó fi òòlù kékeré tó fi ń kan ìṣó aago lọ̀ ọ́ kúnná, ó sì rọ ọ́ sínú agolo epo aago tó ti tán. Àárọ̀ ọjọ́ kejì, Tíṣà jí, ó bá ọkọ rẹ̀ ní kíṣìnì, ó ń po tíì.

Ẹ ṣáà mọ̀ pé láti ọjọ́ ìgbéyàwó wọn, ọkùnrin yìí ò fi omi kaná rí.

"Kí lẹ ṣe?" Tíṣà bi í. Ẹ̀rù ti bà á. "Ta lẹ jẹ ní gbèsè? Ta ló kú?"

"Ṣé ọkùnrin ò lè po tíì fún ìyàwó rẹ̀ ni? Mu ún kó tó tutù."

Tíṣà tọ́ ọ wò. Ojú rẹ̀ fún pọ̀. "Bàbá, ó dà bíi pé mò ń lá kọ́kọ́rọ́."

"Tíì òde òní ni. Mu ún."

Bó ṣe ń po ó láràárọ̀ nìyẹn. Níbẹ̀rẹ̀, ó bu díẹ̀. Nígbà tó tún bá ṣúgà nínú àpótí irinṣẹ́ rẹ̀, ó bù sí i. Ó ní àrùn ńlá, òògùn ńlá. Ẹni tó ń jágbe mọ́ gbogbo ayé nítorí ẹ̀kán epo, òun ló wá ń fi ṣíbí bu síńkì sínú ife obìnrin yìí! Àṣejù, baba àṣetẹ́, àmọ́ òwe tí a bá mọ̀ jù ni kì í dún létí wa.

Ìyàlẹ́nu ibẹ̀ ni pé ọbẹ̀ Tíṣà náà bẹ̀rẹ̀ sí í ta bíi kọ́kọ́rọ́. Bàbá Aláago fi ṣíbí àkọ́kọ́ sẹ́nu, ó wo ìyàwó rẹ̀, ó rí i tí ìyẹn náà tẹjú mọ́ ọn. Ọkàn rẹ̀ bàjẹ́. Ó ti burú dé ibi tí kò rántí ọbẹ̀ sè mọ́ nìyẹn. Kí ojú má baà ti obìnrin náà, ó gbé gbogbo rẹ̀ mì, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu, ó ní, "Ó dùn bí ti àtijọ́." Tíṣà bá bù sí i fún un. Bàbá gbé ìyẹn náà mì, ó ń rẹ́rìn-ín.

Láìpẹ́, ẹsẹ̀ Bàbá Aláago bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bíi tẹlòmíràn. Bó bá tẹ ilẹ̀, bíi pé orí òwú ló ń rìn. Ẹ̀mú tó fi ń mú irin kéékèèké inú aago ń jábọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rò pé ìbànújẹ́ ni. Títí di ọ̀sán ọjọ́ tó ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, tí orúnkún rẹ̀ yẹ̀, tó sì fi gbogbo ara wọlé láìkan ìlẹ̀kùn, ó sì gúnlẹ̀ sí itan ọkùnrin kan tí wọ́n ń fá irùngbọ̀n fún. Ìdajì irùngbọ̀n ọkùnrin náà ti lọ. Ìdajì tó kù ló ń gbọ̀n.

"Ikú tó fẹ́ pani tó ṣíni ní fìlà," ni onígbàjámọ̀ wí, ó gbé abẹ sókè gbọọrọ, "ká kúkú dúpẹ́." Ó gba fóònù bàbá, ó pe ọmọ rẹ̀.

Dókítà Eku dé kí ilẹ̀ tó ṣú. Kò kí ẹnikẹ́ni dáadáa. Ó tọ́ ọbẹ̀ wò, ó tọ́ tíì wò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú ilé bí ọlọ́pàá. Ó bá agolo epo aago lórí tábìlì iṣẹ́ bàbá. Ó bá agolo mìíràn lẹ́yìn iyọ̀, nínú kọ́bọ́ọ̀dù ìyá. Ó gbé méjèèjì kalẹ̀ níwájú wọn.

"Ta ló ni èyí?"

"Èmi ni," bàbá ní, ó gbórí sókè. "Tìtorí ìyá rẹ ni. Èyí tí ò ń wò yìí ń gbàgbé."

"Èyí ńkọ́?"

Tíṣà ń fi etí aṣọ rẹ̀ ṣeré. "Èmi ni. Mo ń fi díẹ̀ sínú ọbẹ̀ bàbá yín. Mo gbọ́ orúkọ rẹ̀ lẹ́nu ẹ nígbà tí wọ́n pè ẹ́ lórí fóònù, ni mo bá lọ ra tèmi. Kí... kí ara wọn lè le."

"Inú ọbẹ̀ mi!" Bàbá Aláago fò dìde, ẹsẹ̀ kọ̀ fún un, ó tún jókòó. "Tíṣà, o fún mi ní nǹkan jẹ láìsọ fún mi?"

"Kí lẹ̀yin fún mi mu?"

Ọmọ wọn wò wọ́n títí. "Màámi, ojú yín ò funfun, ẹsẹ̀ yín ò kú. Ṣé ẹ ò mu tíì yẹn ni?"

Tíṣà wo òkè àjà. "Ó korò jù. Bí wọ́n bá ti yíjú, inú ife tiwọn ni mo máa ń dà á sí. Wọ́n fẹ́ràn tíì."

"Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu!" ni ọmọ náà kígbe. Ó jókòó, ó fọwọ́ lẹ́rán. "Bàámi, gbogbo síńkì ilé yìí, inú yín ló wà. Ẹ jẹ́ kí n wá parí gbólóhùn tí ẹ pa fóònù mọ́ mi lẹ́nu lé lórí. Ṣùgbọ́n. Ṣùgbọ́n síńkì bíńtín lọpọlọ ń lò. Nínú àrùn ìgbàgbé tí wọ́n ń pè ní Alusáímà, purotéènì kan máa ń dì pọ̀ nínú ọpọlọ bí oje igi, síńkì sì máa ń lẹ̀ mọ́ ọn, débi pé ó pọ̀ níbi tí kò yẹ, kò wá sí níbi tó yẹ. A ò tíì mọ̀ bóyá kéèyàn gbé e mì ń ṣe ìgbàgbé láǹfààní kankan. Ohun tí a mọ̀ ni pé àpọ̀jù rẹ̀ máa ń lé irin mìíràn kúrò nínú ara, ìyẹn bàbà, tí iṣan ẹsẹ̀ ń lò. Ìdí tí ẹ fi lọ jókòó lé onírùngbọ̀n lórí nìyẹn."

Bàbá Aláago ò jà. Ó wo agolo epo rẹ̀, ó ní, "Epo àpọ̀jù." Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. Ojú tì í, àmọ́ ohun tó ń bà á lẹ́rù ṣì wà níbẹ̀: bí síńkì ò bá ṣiṣẹ́, kí ló máa dá Tíṣà dúró fún un?

Wọ́n lọ sílé ìwòsàn. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀, èsì sì bá ọ̀rọ̀ ọmọ wọn mu. Lẹ́yìn náà, Tíṣà sọ nǹkan kan sétí ọmọ rẹ̀, ọmọ náà sọ ọ́ sétí dókítà àgbà, obìnrin kan tó máa ń rọra sọ̀rọ̀. Dókítà ní òun máa yẹ ìrántí àwọn méjèèjì wò, ìyá àti bàbá. "Àwọn méjèèjì" yìí ni Tíṣà tẹnu mọ́.

"Ó dára bẹ́ẹ̀," Bàbá Aláago sọ sétí ìyàwó rẹ̀. "Màá bá ẹ ṣe é, kí ojú má baà tì ẹ́."

"Ẹ ṣeun, Bàbá," ni Tíṣà wí.

Dókítà ní kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ mẹ́ta sọ́kàn: àga, òrombó, bàtà. Ó wá fún oníkálukú ní bébà àti pẹ́ńsù. "Ẹ ya ojú aago fún mi. Ẹ kọ nọ́ńbà sí i, kí ọwọ́ aago fi hàn pé agogo mọ́kànlá ti kọjá pẹ̀lú ìṣẹ́jú mẹ́wàá."

Ẹ̀rín pa Bàbá Aláago débi pé awò ojú rẹ̀ fẹ́ẹ̀ já bọ́. "Èmi? Aago? Dókítà, ẹ ò bá kúkú ní kí n ka orúkọ ara mi!" Ó yà á kíá, ó ju pẹ́ńsù sílẹ̀. Tíṣà rọra ń ya tirẹ̀, ó fi apá bò ó bí ọmọ iléèwé tí kò fẹ́ kí wọ́n wò ó.

"Àwọn ọ̀rọ̀ wo ni mo ní kí ẹ rántí, Bàbá?"

"Àga," bàbá dáhùn wàrà. Ó dúró. "Àga ni. Ẹ ò sọ ju ọ̀kan lọ."

Dókítà kò bá a jiyàn. Ó tẹ́ bébà méjèèjì sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Aago kan gún régé. Èkejì... Áà. Gbogbo nọ́ńbà rẹ̀ ló sá jọ sí apá ọ̀tún, bí ẹni ń du òjìji, apá òsì ṣófo, ọwọ́ aago kan ṣoṣo ló sì ní, tí kò nawọ́ sí ibì kankan. Bàbá Aláago wò ó, àyà rẹ̀ já. Ó mọ aago tó ti bàjẹ́ bó bá rí i.

Ó di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú. Omi ti lé sí i lójú. "Tíṣà mi, má dààmú," ó ní. "Kò le tó bẹ́ẹ̀. Bá a bá délé, màá kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń yà á."

Tíṣà wo bébà náà. "Ẹ ṣeun, Bàbá. Ọwọ́ mi ló gbọ̀n."

"Màámi," ọmọ wọn ní, ó ti ń sunkún, "ẹ jọ̀ọ́, ó tó."

Bàbá ò mọ ohun tó tó. Ó tún yíjú sí aago burúkú náà, bó ti máa ń wo gbogbo aago, láti òkè dé ìsàlẹ̀, dé ibi tí ojú olówó aago kì í dé. Nísàlẹ̀ bébà, ní igun, ló ti rí i: ìlà méjì tó gba orí ara wọn kọjá, pẹ̀lú àmì róbótó kékeré kan lábẹ́ wọn.

Ó fi ìka kan àmì náà, ó fi ìka rẹ̀ nù ún, kò parẹ́.

"Áyọ́ọ̀nù ńkọ́?" ó bi Tíṣà.

"Ẹ̀yin ni."

"Kọ́kọ́rọ́ inú ìkòkò òdòdó?"

"Ẹ̀yin náà ni."

"Ìkòkò ọbẹ̀ tó jóná?"

"Ìyẹn, èmi ni. Ìwé ni mò ń kà."

"O ní ìwọ ni gbogbo rẹ̀! Tíṣà! Ìwọ tó o na ọmọ ọlọ́mọ nítorí irọ́!"

"Mo nà wọ́n," Tíṣà ní, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ ní kí wọ́n wá nà mí padà. N ò lè jókòó kí n máa wò yín kí ojú máa tì yín nínú ilé ara yín."

Dókítà àgbà wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Ó ní ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ yẹn, síńkì ni, bí wọ́n bá ti dá a dúró, ó ṣeé ṣe kó san díẹ̀díẹ̀. Ó ní àmọ́ ti ìgbàgbé ti wà kí síńkì tó dé, àwọn ṣì máa ṣe àyẹ̀wò sí i, ìtọ́jú wà tó lè ràn án lọ́wọ́, kò sì sẹ́ni tó lè ṣèlérí pé gbogbo rẹ̀ máa padà. Ó sọ̀rọ̀ náà pẹ́. Bàbá Aláago tẹ́tí sí i látìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò já lu ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ọmọ rẹ̀ sọ lẹ́yìn náà pé ìyẹn gan-an ló ba òun lẹ́rù jù.

Nígbà tí wọ́n délé, Tíṣà po tíì. Tíì lásán, ṣúgà nìkan. Wọ́n mu ún tán, bàbá dìde, ó di ògiri mú lọ síbi aago ńlá tó wà ní pálọ̀, èyí tí kò jẹ́ kẹ́nì kan fọwọ́ kàn rí. Ó ṣí gíláàsì rẹ̀.

"Wá. Gba abẹ́rẹ́ yìí. Ti orí rẹ̀ bọ epo. Ẹ̀kán kan. Mo ní ẹ̀kán kan, Tíṣà!"

"Mo ti gbọ́. Kí wọ́n tó bí mi ni mo ti gbọ́."

Tíṣà kán epo náà síbi tó fi hàn án, ọwọ́ rẹ̀ ò gbọ̀n rárá. Bàbá ń wò ó. "Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé o máa gbàgbé mi," ó ní. "N ò mọ̀ pé ojú ọ̀nà mìíràn ni mò ń ṣọ́."

"Ta ló lè gbàgbé yín? Ẹni tó ń fún mi ní kọ́kọ́rọ́ mu láràárọ̀."

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Tíṣà, bí mo bá padà wá, tí mo ní kó o tún fi epo sí i, má gbọ́ tèmi o. Bí mo bá pariwo pàápàá, má gbọ́."

"Ṣé mo ti gbọ́ tiyín rí ni?"

Bàbá ti gíláàsì aago padà. Ó jókòó, ó sinmi, ó gbọ́ aago náà tó ń rìn geere. Tíṣà ti kó ife lọ sí kíṣìnì, ó ń fọ̀ ọ́. Nígbà tó jáde, ó bá ọkọ rẹ̀ lórí ìdúró níwájú aago, abẹ́rẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, epo wà lórí abẹ́rẹ́.

"Tíṣà," ó ní, "ṣé a ti fi epo sí aago yìí?"

"A ti fi sí i, Bàbá. Èmi ni mo fi sí i. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi. Ẹ̀kán kan ni, ó sì gba ibi tó yẹ kó gbà."

Bàbá dúró, ó jẹ́ kí Tíṣà parí ọ̀rọ̀ rẹ̀ pátápátá. Lẹ́yìn náà, ó nu abẹ́rẹ́ mọ́ aṣọ, ó sì gbé e lé ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́.